Ọkọ̀ Ogun Vasa: Ohun Tí A Rí Ní Stockholm

Bí ọ̀nà yín bá gba ìlú Stockholm ní orílẹ̀-èdè Sweden, ẹ yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kọ́ nítorí ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo. (Ẹ mú àwọn ọmọ dání, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó.) Wọn kì í tan iná púpọ̀ níbẹ̀ kí igi má baà bàjẹ́, nítorí náà ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ojú wa tó là. Ìgbà náà ni a rí i: ọkọ̀ onígi tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n gbẹ́ ère kìnnìún àti ti ènìyàn sí lára.

Ọba Gustavus Adolphus ló ní kí wọ́n kàn án, pẹ̀lú àgbá 64. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òkè rẹ̀ wúwo. Kí ó tó ṣí, wọ́n ní kí 30 ọkùnrin máa sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì lórí rẹ̀. Ọkọ̀ náà mì débi pé, lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, Fleming, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi, ní kí wọ́n dúró. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kí ọkọ̀ má lọ. Ọba wà lójú ogun lókè òkun, ó ń kánjú gba ọkọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò wí fún kábíyèsí? Ẹ̀yin baálé ilé, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé àwọn tó wà lábẹ́ wa lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wa?

Ní ọjọ́ 10 oṣù August, ọdún 1628, ọkọ̀ náà ṣí. Kò rìn ju nǹkan bí mítà 1,300 lọ tí afẹ́fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́, tí omi gba ojú ihò àgbá wọlé. Nǹkan bí 30 ènìyàn ló kú. Wọ́n mú ọ̀gákọ̀, wọ́n sì bi àwọn tó kàn án léèrè. Àwọn yẹn ní ọba fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwọ̀n rẹ̀. Wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni níyà.

Ọdún 333 ni ó lò nísàlẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde ní 1961. Omi ibẹ̀ kò níyọ̀ tó, kòkòrò tí ń jẹ igi ọkọ̀ kò sì lè gbé inú rẹ̀. Ọdún 17 ni wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí i lára kí ó má baà sán.

Egungun àwọn tó kú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan wà tí wọ́n ti ń pè ní Gustav fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2023, àyẹ̀wò fi hàn pé obìnrin ni. Wọ́n ti gba àwọn òṣìṣẹ́ láyè láti mú ìyàwó àti ọmọ wọn bá ọkọ̀ rìn díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti mọ ojú rẹ̀ tuntun, a sì dúró níwájú rẹ̀ títí.