Ṣé o mọ̀? Ọ̀nà tí ó ti Bobiel lọ sí pápá ńlá

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ní Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀ tí ó tẹ̀dó sí etí odò Ọya, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò Bobiel ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú iyanrìn, ni a bí agbábọ́ọ̀lù Moussa Maâzou sí ní 1988, ẹni tí ó gba ẹgbẹ́ Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀mù kọjá kí CSKA Moscow tó rà á ní 2009? Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú: ní 2017, àwọn ọ̀dọ́ Nìjẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ dé Ife Àgbáyé ní Íńdíà nígbà àkọ́kọ́, wọ́n sì fi àmì ayò 1 sí òdo fàgbà han Kòríà Àríwá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀, tí ó sì ká mi lára, ni pé bí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè bá san owó ra agbábọ́ọ̀lù, òfin FIFA ya ìdá 5 nínú 100 owó náà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Ẹgbẹ́ àdúgbò tí kò bá sì forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin kò ní rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀.