Ẹ Rún Aṣọ, Ẹ Da Aró Lé E: Kàmpálà Onímábù Fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń béèrè iṣẹ́ ọwọ́ tí èèyàn lè fi ti ìsọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó ń ta ata ní Ọjà'ba fẹ́ mọ ohun tí òun lè ṣe nílé ní ọjọ́ tí ọjà bá tutù. Ẹni tó ń ta aṣọ ní Bẹẹrẹ fẹ́ mọ bí òun á ṣe máa fi ọwọ́ ara òun pèsè ọjà, dípò kó máa rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì kó tó tún un tà. Nínú gbogbo iṣẹ́ aró, ọ̀kan wà tí mo rò pé ó yẹ ẹni tí kò fọwọ́ kan aró rí: kàmpálà onímábù. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí ìko, kò sí ìyẹ́ adìyẹ tí a fi ń yàwòrán. A ó rún aṣọ jọ, a ó da aró lé e lórí, aṣọ á gbé àwòrán tirẹ̀ jáde bí òkúta mábù tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé olówó.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé nígbà tó jẹ́ dídà ni, kò lè ṣòro. Iṣẹ́ gan-an kò sí nínú dídà. Inú báfù tí a ti po aró ló wà, kí ẹ̀kán kan tó kán sára aṣọ. Ibẹ̀ náà sì ni ewu wà.

Àwa ará Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nídìí aró. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n yà sí i, tí wọ́n fi ṣíbí sáàárín àwọn òpó náà. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, àwọn ìyá aláró sì gbé e sórí aṣọ. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń yà á, kí aró má baà wọ ojú ibẹ̀. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, wọ́n á sá a, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí tó fi máa kan, tí gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé ilé aláró nìyí. Tí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, kì í tíì dúdú. Ó máa ń rí bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú gbogbo ayé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun kan náà la ó bá pàdé nínú kàmpálà.

Ní 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀lú àfọwọ́ṣe. Nígbà tó yá, aró òyìnbó àti sódà dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Sódà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ eérú. Ohun tó ń gba ọjọ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ di iṣẹ́ wákàtí. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo ní Abẹ́òkúta: Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ka sódà àti aró òyìnbó léèwọ̀, àwọn ìyá aláró sì fẹ̀hónú hàn ní 1936. Ẹ ò rí i pé ó ti pẹ́ tí obìnrin ọjà ti ń jà fún ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀! Orúkọ kàmpálà ní tirẹ̀, ìlú Kampala ní Uganda ni wọ́n ti mú un. Wọ́n ní nígbà ogun abẹ́lé ni, nígbà tí wọ́n lọ ṣèpàdé àlàáfíà níbẹ̀ ní 1968.

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà náà ní irú dídà tiwọn. Ọ̀dà akirílíìkì ni wọ́n ń dà sórí kánfáàsì, wọ́n á gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún kó ṣàn, á di àwòrán ara ògiri. Ará Mexico kan, David Alfaro Siqueiros, ti ń da ọ̀dà lé ọ̀dà báyìí ní New York ní 1936, ọdún kan náà tí àwọn aláró Abẹ́òkúta ń jà. Tí ọ̀dà tó wúwo bá wà lórí èyí tó fúyẹ́, tòkè á máa rì, tìsàlẹ̀ á máa yọjú. Ó dára, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n àwòrán ògiri ń wá ẹni tó máa rà á kiri. Aṣọ, gbogbo wa ló ń wọ̀ ọ́. Ti aṣọ ni kí a kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ. Òwú pọ́ńbélé ló ń gba aró yìí: tẹ́rú, tàbí búrókéèdì olówùú. Aṣọ tó ní rọ́bà nínú kò ní gbà á. Á kàn ṣá bí ẹni tó ń ṣàìsàn ni. Tí ẹ bá dé Gbági tí ẹni tó ń tà á búra fún yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ẹ fa fọ́nrán méjì yọ, kí ẹ ṣáná sí i. Tó bá jó bí ìwé, tó di eérú múlọ́múlọ́, owú ni. Tó bá yọ́, tó dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré, ẹ dá a padà fún un. Kí ẹ tó lò ó, ẹ fọ̀ ọ́ nù dáadáa, kí sítáàṣì tó ti ilé-iṣẹ́ wá jáde, torí aró kì í gba inú sítáàṣì kọjá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, yáàdì kan tó. Ẹ má gbé yáàdì márùn-ún kalẹ̀ kí ẹ fi kọ́ṣẹ́.

Ó wá kan pípo aró. Mẹ́ta ni ohun tí a ó rà: kọ́lọ̀, sódà, àti háídírọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, torí ọ̀pọ̀ ló ń bù ú láìmọ ìdí. Kọ́lọ̀ yìí kì í yòrò nínú omi lásán. Háídírọ́ọ̀sì ló ń gba afẹ́fẹ́ kúrò lára rẹ̀, sódà ló ń jẹ́ kó lè yòrò, àwọn méjèèjì ló sì ń jẹ́ kó ráyè wọ inú òwú. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá padà kàn án nínú aṣọ, á di ohun tí kò yòrò mọ́, ìyẹn ni kì í fi ṣí. Sódà ni eérú ìyá ìyá wa, háídírọ́ọ̀sì ni kíkan tí ìkòkò aró ń kan. Iṣẹ́ kan náà ni, ó kàn yá jù ni.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni ṣíbí kọ́lọ̀ kan, ṣíbí sódà kan, ṣíbí háídírọ́ọ̀sì méjì. Kọ́lọ̀ ò dọ́gba, dúdú máa ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ gba ìwọ̀n ti ọ̀gá yín. Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ po kọ́lọ̀ nínú ike títí tí kò fi ní sí kóró. Ẹ bu omi tútù sínú ike mìíràn, kí ẹ wá rọra máa bu sódà sínú OMI náà. Omi ni sódà ń wọ̀ bá o, a kì í da omi lé sódà lórí, torí á hó, á sì ta síni lójú. Ẹ pa méjèèjì pọ̀. Háídírọ́ọ̀sì ló ń kẹ́yìn. Tí ẹ bá ti fi í sí i, ẹ máa wò ó: ọ̀pọ̀ kọ́lọ̀ ló máa ń paradà, tí ohun tó wà nínú ike kò ní jọ ohun tó wà nínú páálí. Kí àyà yín má já. Tí kò bá paradà rárá, tí kóró sì ń léfòó, ó lè jẹ́ pé háídírọ́ọ̀sì yín ti kú nínú ọ̀rá tí wọn ò dì dáadáa.

Aró tí a ti pò kò ní sùúrù. Afẹ́fẹ́ ń jẹ háídírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ bó ṣe ń jókòó. Ẹni tó bá po aró tán tó wá lọ gbé ọmọ pọ̀n, tó tún lọ dá aládùúgbò lóhùn, tó bá padà dé, omi aláwọ̀ lásán ló ń dà sára aṣọ, á sì ṣí ní fífọ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí aṣọ ti wà ní rírún kí ẹ tó po ohunkóhun.

Rírún ọ̀hún nìyí. Ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù sílẹ̀, ẹ rẹ aṣọ sómi kí ẹ fún un, ẹ tẹ́ ẹ lé e, kí ẹ wá máa fi ọmọ ìka kó o jọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi ní òkè àti àfonífojì bí òrùlé Ìbàdàn téèyàn bá dúró lókè Mápó. Tó bá há jù, funfun á pọ̀. Tó bá ṣò jù, aró á gba gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ fi ife kékeré bu aró àkọ́kọ́, ẹ dà á síbí, ẹ dà á sọ́hùn-ún, ẹ fi àyè sílẹ̀. Ẹ da èkejì sí àyè náà. Ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ojúkòkòrò ló ń ba ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́: wọ́n á da yẹ́lò, wọ́n á da àlùkò, wọ́n á tún wá àwọ̀ ewé kún un, gbogbo rẹ̀ á wá di àwọ̀ ẹrẹ̀. Àwọ̀ méjì tó bára mu tó. Yẹ́lò àti búlúù tí wọ́n bá pàdé, àwọ̀ ewé ni wọ́n ń bí, ìyẹn ò bàjẹ́. Yẹ́lò àti àlùkò ní tiwọn, búráùn ni.

Ẹ fi í sílẹ̀ bí ìdajì wákàtí, kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì nà án sí afẹ́fẹ́ lábẹ́ ibòji. Ẹ má tíì fi omi kàn án. Ibí ni ẹ ó ti rí ohun tí àwọn aláró àtijọ́ ń rí: àwọ̀ á máa yí lójú yín, títí á fi dúró. Ìgbà náà lẹ ó wá ṣàn án títí omi á fi mọ́, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a síbòji, kí ẹ fi sítáàṣì sí i, kí ẹ lọ̀ ọ́.

Ní ti ewu, ẹ dákun, ẹ ká a lẹ́ẹ̀mejì. Sódà ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn, ìbòmú àti awò ojú, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí láìsí wọn. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín háídírọ́ọ̀sì kò dáa fẹ́ni tó ní àsímà. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, sódà á jẹ ẹ́, á sì máa hó. Ike tàbí tanganran ni kí ẹ lò, ẹ má sì fi í bu oúnjẹ mọ́ láé. Háídírọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ rí ọ̀rinrin níbi tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ sí, torí ó lè gbóná kó gbiná. Tí sódà bá ta síni lára tàbí lójú, omi púpọ̀ tó ń ṣàn ni, fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, láìfi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí nǹkan mìíràn pa á, kí ẹ tó gba ọsibítù lọ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn ọmọdé. Agbo ilé la ti ń ṣe é, sódà sì jọ iyọ̀, ó jọ ṣúgà. Omi rẹ̀ nínú ìgò mínírà, ohun mímu ni lójú ọmọ ọdún méjì. Tí ọmọ bá gbé e mì, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè jó débi tí kò ní lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó bì, torí ohun tó jó o nígbà tó ń lọ á tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹ má rọ epo pupa fún un. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí UCH tàbí ọsibítù tó bá súnmọ́ yín jù, lójú ẹsẹ̀. Àpótí tó ní àgádágodo ni sódà ń gbé. Ẹni tí kò bá lè ra àgádágodo, kó má tíì ra sódà.

Ó ku ti títà. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti China ti kún ọjà, ó jọ kàmpálà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ọwọ́. A ò lè bá a du owó. Ohun tí a lè fi hàn oníbàárà ni ẹ̀yìn aṣọ: aró tiwa wọ tojú tẹ̀yìn, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sì sábà máa ń ṣá lẹ́yìn. Ẹ sì lè bi í bóyá ó rí ọ̀nà kan tó jọra lórí yáàdì tiwa. Ẹ ka gbogbo ìnáwó kí ẹ tó dá iye lé e: aṣọ, kọ́lọ̀, sódà, háídírọ́ọ̀sì, omi, iná, ìbọ̀wọ́, àti ọjọ́ tí ẹ fi ṣe é. Ọjọ́ yẹn lọ̀pọ̀ wa máa ń gbàgbé.

Tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ aṣọ ẹbí wá, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó gba owó pé mábù kì í jọra tán. Àwọ̀ ni ẹ lè mú dọ́gba, kì í ṣe àwòrán. Kí àwọ̀ náà tó lè dọ́gba, inú páálí kọ́lọ̀ kan náà ni kí ẹ ti bù ú, kí ìwọ̀n má yẹ̀, kí ẹ sì ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ẹ pa yáàdì méjì kún un lọ́tọ̀, torí ẹnì kan máa wá lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti rán tiwọn tán, á ní wọn ò ka òun mọ́ ọn.