Bíréèkì Ṣáájú Kárià

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Tẹ̀dé, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ alùpùpù tí a fi ń kó iṣu àti èlùbọ́ lọ sọ́jà. Láti ọdún 1976 ni Honda ti gbé CG125 jáde, ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe kó lè fara da ọ̀nà burúkú àti ìtọ́jú tí kò tó. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá ń dún dáadáa, bíréèkì lè ti jẹ tán. Kárià tuntun kì í sọ máṣíìnì di alágbára. Ẹrù tó bá sì wúwo, a máa pẹ́ kó tó dúró. Nítorí náà, bíréèkì ni ká kọ́kọ́ pààrọ̀, lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀kù àti táyà ẹ̀yìn, kó tó kan kárià. Ká pín ẹrù sọ́tùn-ún sósì, kó má ga. Bówó ò bá tó, ká dín ẹrù kù. Iṣu tó bá dọ́jà là ń tà.