Omi Kún Rédíétọ̀, Ọkọ̀ Ṣì Ń Gbóná: Ọ̀rọ̀ Afẹ́fẹ́ Tó Há

Bí ọkọ̀ bá gbóná lójú ọ̀nà, omi ni gbogbo wa máa ń wá. A ó dúró kó tutù, a ó bu omi kún rédíétọ̀ dé ẹnu, a ó dé e, a ó sì máa lọ. Kì í pẹ́ tí géèjì á tún fi gòkè. Àwọn kan á ní rédíétọ̀ ti dí, àwọn mìíràn á ní páńpù omi ti kú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ fura sí, torí pé kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ náni lówó láti yanjú: afẹ́fẹ́ tó há sí ọ̀nà omi.

Ọ̀nà tí omi ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì ní kọ̀rọ̀, ó ní òkè, ó sì ní ìsàlẹ̀. Bí a bá da omi inú rẹ̀ nù láti pààrọ̀ họ́ọ̀sì tàbí páńpù, afẹ́fẹ́ ló ń gba ipò omi náà. Nígbà tí a bá wá ń bu omi tuntun sí i, omi á máa ti afẹ́fẹ́ lọ sókè. Èyí tó bá rí ọ̀nà á jáde. Èyí tí kò rí ọ̀nà á sá pamọ́ síbi tó ga: abẹ́ thermostat, orí ẹ́ńjìnnì, tàbí rédíétọ̀ kékeré abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń mú inú ọkọ̀ móoru. Lójú wa, rédíétọ̀ ti kún. Ẹ́ńjìnnì ò tíì kún.

Ẹni tó bá ti gbé ní Lọ́ndọ̀nù nígbà òtútù á ti rí irú rẹ̀ nínú ilé. Rédíétọ̀ ara ògiri á gbóná nísàlẹ̀, òkè rẹ̀ á tutù, torí afẹ́fẹ́ ti gba òkè. Wọ́n á pa á kó tutù, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tú ṣúrúkù tó wà lókè rẹ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa jáde ṣíì. Bí omi bá ti ń kán, wọ́n á dì í padà. Àwọn ọkọ̀ kan ní irú ṣúrúkù bẹ́ẹ̀, pàápàá ọ̀pọ̀ Peugeot àti BMW. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn ò ní in.

Kí ló wá burú nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀? Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá gba àyè kan náà, ooru tí omi lè gbé fi ìlọ́po tó lé ní 3,000 ju ti afẹ́fẹ́ lọ. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá jókòó sí, ooru ibẹ̀ ò rí ẹni gbé e kúrò. Páńpù pẹ̀lú, omi ló mọ̀ ọ́n tì. Bí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀, á kàn máa yí lásán ni. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti géèjì. Inú omi ni wọ́n ṣe ojú tó ń wọn ìgbóná fún. Bí afẹ́fẹ́ bá yí i ká, ó lè máa sọ fún yín pé ara ọkọ̀ tutù nígbà tí irin orí ẹ́ńjìnnì ń gbóná kọjá ààlà. Alumíníọ̀mù orí ẹ́ńjìnnì lè ká, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, owó tí ẹ ò bá ná sórí omi lásán á wá di owó ẹ́ńjìnnì.

Thermostat náà ní ipa tirẹ̀. Ó máa ń wà ní pípadé títí omi á fi gbóná tó bíi 82 sí 90°C. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ihò tíntín kan tí píìnì kékeré ń mì nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kí thermostat tó ṣí, ìdí nìyẹn tí píìnì náà fi gbọ́dọ̀ wà lókè. Níbi tí mo ti ṣe IT, wọ́n gbé takisí kan wá tí wọ́n ti pààrọ̀ páńpù rẹ̀ níbòmíràn, tó sì ṣì ń gbóná. Ọ̀gá mi tú thermostat, ó ní ká wá wò ó: ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ píìnì sí. Ó yí i sókè, ó fọn afẹ́fẹ́ jáde, ó parí. Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ thermostat sọnù, wọ́n ní ìlú wa ti gbóná jù. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì tí kò tètè móoru ń jẹ epo, ó sì ń tètè gbó. Afẹ́fẹ́ orí òkè ò sì tìtorí ìyẹn kúrò.

Bí a ṣe ń lé e jáde rèé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ìdérí rédíétọ̀ ń há agbára mọ́ omi débi pé kò ní hó ní 100°C. Bí ẹ bá ṣí i ní gbígbóná, omi á di oru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì bo ojú yín. Ẹ dojú ọkọ̀ kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹnu rédíétọ̀ lè ga ju ibi yòókù lọ, kí ẹ sì fa búrẹ́èkì ọwọ́. Ẹ ki àrọ bọ ẹnu rẹ̀ (orí ike omi tí a gé náà á ṣe é), kí ẹ rọra máa bu kúláàntì sí i, kí ẹ máa fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yí ooru inú ọkọ̀ dé òpin kí omi lè dé rédíétọ̀ kékeré yẹn. Ẹ má ki ọwọ́ sítòsí fáànù. Afẹ́fẹ́ á máa rú jáde gùlùgùlù, omi á sì máa lọ sílẹ̀. Ẹ máa fi kún un. Tí thermostat bá ti ṣí, họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ á gbóná. Nígbà tí fáànù bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí omi ò rú mọ́, ẹ dé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó bá ti tutù, ẹ tún wò ó, torí ó sábà máa ń gba díẹ̀ sí i.

Bí ó bá wá ń rú tí kò dáwọ́ dúró ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó há mọ́. Ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó, kí èéfín iná inú ẹ́ńjìnnì máa wọnú omi. Ẹ pa á níbẹ̀, kí ẹ má sì wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ ní kí wọ́n wá fà á.