Ojú Kò Fọ́, Ìríran Kò Pé: Ibi Tí Amblyopia Fìdí Sí

Nínú amblyopia, tí a lè pè ní ojú ọ̀lẹ, dókítà kì í sábà rí àbùkù nínú ẹyinjú tí ó tó ṣàlàyé àìríran náà. Àwọn oníwádìí ti wá ìyípadà nínú awọ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú, ṣùgbọ́n èsì wọn kò ṣọ̀kan. Ọpọlọ ni ẹ̀rí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní 1963, Torsten Wiesel àti David Hubel ròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára ọmọ ológbò: wọ́n rán ìpénpéjú kan pa fún oṣù bíi mélòó kan. Nígbà tí wọ́n ṣí i, sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ péré nínú ọpọlọ ni ó ṣì ń dá ojú náà lóhùn. Àwọn tí ń gba iṣẹ́ tí ojú náà ń rán sínú ọpọlọ sì ti súnkì. Àgbà ológbò kò fara gba irú rẹ̀.

Nítorí náà, ìgbà èwe ni àtúnṣe ti ń rọrùn jù: a ó fún ọmọ ní awò tí ó yẹ, a ó sì máa bo ojú tí ó dá ṣáṣá, kí èkejì lè ṣiṣẹ́. Ọmọ tí ojú kan ń ràn lọ́wọ́ kì í ráhùn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ojú kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.