Ta Ló Lè Ka Ìlù Ọkàn Ara Rẹ̀?

Bí ẹ̀rù bá ba Yorùbá, á ní àyà òun já. Bí ẹ̀rù náà bá lọ, á ní ọkàn òun balẹ̀. Ohun tí Rainer Schandry, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Jámánì, fẹ́ mọ̀ kò jìnnà sí èyí: ṣé ẹni tí ó ń mọ ìlù ọkàn rẹ̀ lára dáadáa ni àníyàn máa ń mú jù?

Wọ́n ti ń wá ọ̀nà àtiwọn bí ènìyàn ṣe ń mọ ìlù ọkàn rẹ̀ lára ṣáájú Schandry. Ní 1977, William Whitehead àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí iná kan máa tàn, kí ó máa kú, kí ẹni tí wọ́n ń dán wò sì sọ bóyá iná náà ń tàn bí ọkàn òun ṣe ń lù gan-an, tàbí ó ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tó le ni.

Ti Schandry, tí ó jáde ní 1981, kò le rárá. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan ọrùn, ẹ má di ọrùn ọwọ́ mú. Fún ìṣẹ́jú-àáyá 25, 35 àti 45, ẹ máa ka ìlù ọkàn yín sínú, kí ẹ̀rọ ECG tó wà lára yín náà máa ka tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ka 40, tí ẹ̀yin ka 30, máàkì yín jẹ́ 0.75. Àwọn tí máàkì wọn ga ni Schandry rí i pé àníyàn wọn pọ̀ jù.

Nítorí pé kò náni lówó, kò sì gba àkókò, ìdánwò náà tàn kálẹ̀. Àmọ́ ó ní àléébù kan. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ọkàn ń lù tó ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan lè ṣírò rẹ̀ lórí, kí ó gba máàkì tó dára, láìmọ ìlù kan ṣoṣo lára. Ní 1999, Sabine Windmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán àwọn aláìsàn tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn sí láyà wò. Wọ́n mú ẹ̀rọ náà yára, wọ́n mú un falẹ̀. Iye tí àwọn aláìsàn ń kà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa ọkàn wọn ni wọ́n ń kà.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan ní Belgium yí àṣẹ náà padà: ìlù tí ẹ bá mọ̀ lára nìkan ni kí ẹ kà, ẹ má méfò. Máàkì já wálẹ̀ gidigidi.

Lójú tèmi, ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ lo ìdánwò Schandry gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ ọ̀rọ̀ tí ó bá àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ sọ gan-an, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.