Bíbá Ẹni tí Kò Mọ̀ Sọ̀rọ̀: Iṣẹ́ Ẹnu àti Iṣẹ́ Kálàmù fún Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà nínú Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-Ẹ̀rọ

Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ẹni tí ó mọ ìdáhùn jù ú lọ ni ó máa ń kọ̀wé sí. Olùkọ́ ni ó bi í ní ìbéèrè, olùkọ́ kan náà ni yóò sì ka ìdáhùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fo ìgbésẹ̀ kan nínú àlàyé rẹ̀, olùkọ́ yóò fi ìmọ̀ ti ara rẹ̀ dí àlàfo náà, yóò sì fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí fún oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀ràn yí padà. Ohun tí ó rí nínú yàrá ìwádìí, ẹlòmíràn kò tíì rí i. Alábòójútó iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá kò mọ̀ ọ́n tó bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń ṣe é.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Òwe tí ó yẹ ìgbìmọ̀ àgbà ni, níbi tí olùsọ àti olùgbọ́ ti jọ mọ ìtàn kan náà láti ìgbà èwe wọn. Nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, ewu ń bẹ nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí a sọ àbọ̀ fún kò ní àbọ̀ kejì nínú ara rẹ̀ tí yóò fi kún un. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi bí ewu náà ti tó hàn.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kìíní, ọdún 1986, ọkọ̀ òfuurufú Challenger gbéra ní Florida. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 73 lọ tí ó fi fọ́ yángá lójú ọ̀run. Àwọn méje tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú, olùkọ́ ilé-ìwé kan tí ń jẹ́ Christa McAuliffe sì wà lára wọn. Ohun tí ó fà á ni òrùka rọ́bà tí wọ́n fi dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń ti ọkọ̀ náà sókè. Bí òtútù bá mú irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, yóò le, kò sì ní tètè padà sí ipò rẹ̀ láti dí àlàfo. Iná yóò sì gba ibẹ̀ jò jáde. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà tutù tó ìwọ̀n 36 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 2 lórí ti Celsius. Nínú gbogbo irú ọkọ̀ náà tí ó ti gbéra ṣáájú, èyí tí ó bá òtútù pàdé jù lọ gbéra ní ìwọ̀n 53.

Àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ tí ó wà nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Roger Boisjoly, ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1985, pé bí wọn kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, ẹ̀mí lè ṣòfò. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìgbéra, wọ́n bá àwọn aláṣẹ NASA sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù fún wákàtí mélòó kan, wọ́n sì fi ojú-ìwé àtẹ 13 ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní kí ọkọ̀ má ṣe gbéra bí ooru kò bá tó 53. Àwọn aláṣẹ béèrè ẹ̀rí.

Níbí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti fara balẹ̀. Ẹ̀rí wà, ṣùgbọ́n ó fọ́n káàkiri. Ojú-ìwé kan sọ bí rọ́bà ti bàjẹ́ tó, kò sọ bí ojú-ọjọ́ ti rí. Òmíràn sọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́, kò mẹ́nu kan ìbàjẹ́. Ọkọ̀ kan tí ó gbéra nínú òtútù ìwọ̀n 53 ní àpá ìbàjẹ́. Èyí kan tí ó gbéra nínú ooru ìwọ̀n 75 náà ní àpá. Ẹni tí ó bá rí méjèèjì yìí nìkan yóò rò pé òtútù kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn náà. Lẹ́yìn tí àwọn méje ti kú, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba yàn kó gbogbo ọkọ̀ 24 tí ó ti gbéra ṣáájú jọ sójú kan. Nínú 20 tí ó gbéra nígbà tí ìwọ̀n ooru jẹ́ 66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́ta péré ni ó ní àpá ní oríkèé. Nínú mẹ́rin tí ó gbéra nígbà tí kò tó 65, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ní i. Àwọn ọkọ̀ tí nǹkan kan kò ṣe gan-an ni ó sọ ohun tí ó ṣe àwọn yòókù, àwọn sì ni àtẹ alẹ́ ọjọ́ náà kò kà sí.

Edward Tufte, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Yale, di púpọ̀ nínú ẹ̀bi náà ru àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Boisjoly àti àwọn kan fún un lésì ní ọdún 2002 pé ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n ti wí i ní gbangba pé kí ọkọ̀ má gbéra, ọ̀gá kan nílé-iṣẹ́ wọn ni ó sì ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí fìlà onímọ̀-ẹ̀rọ kí ó dé fìlà ọ̀gá. Àtẹ tí ó dára jù lọ láyé kò lè ṣí etí ẹni tí ó ti dí i. Síbẹ̀, ojú-ìwé kan ṣoṣo tí ó to gbogbo ọkọ̀ 24 náà gẹ́gẹ́ bí òtútù wọn ti tó ìbá mú kí ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọ̀nà tí gbogbo ayé fi wá gbọ́ ọ rọrùn púpọ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 1986, Richard Feynman, onímọ̀ físíìsì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1965, jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ìwádìí níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n. Ó fi irin kékeré kan fún ègé rọ́bà náà pọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú ife omi oníyìnyín. Nígbà tí ó yọ ọ́ jáde tí ó sì tú irin náà, rọ́bà kò tètè padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí eré orí ìtàgé. Wọ́n ṣì í. Feynman ti kọ́kọ́ wá ìwà kan ṣoṣo tí gbogbo ọ̀ràn náà rọ̀ mọ́, ó sì yọ gbogbo ohun mìíràn kúrò lójú olùwòran.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2003. Nígbà tí Columbia gbéra ní ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ègé fóòmù kan já, ó sì gbá apá òsì ọkọ̀ náà. Bí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ti ń yí ayé po, àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ nílẹ̀ ń ṣe ìṣirò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síwájú àwọn ọ̀gá lórí sláìdì. Àkọlé ọ̀kan nínú sláìdì náà fi ọkàn ẹni balẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́, ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ègé tí ó gbá ọkọ̀ náà tó 1,920 íǹṣì kúbíìkì, nígbà tí èyí tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò tẹ́lẹ̀ jẹ́ 3. Ìlọ́po 640 nìyẹn! Ìyẹn ni pé àyẹ̀wò àtijọ́ kò lè sọ ohunkóhun nípa ti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí sì ni ó yẹ kí ó jẹ́ àkọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, Columbia túká bí ó ti ń padà bọ̀, àwọn méje sì tún kú. Ìgbìmọ̀ tí ó ṣèwádìí rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà fífi sláìdì rọ́pò ìwé ìjábọ̀ kíkún.

Lórí sláìdì kan náà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí “pàtàkì” tàbí “tí ó jọjú” fara hàn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì dúró sójú kan. Ọ̀fìn yìí kò yọ Yorùbá sílẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ pàtàkì wà láàrin sìmẹ́ńtì méjì, kí ni ó ń wí? Ṣé ìyàtọ̀ náà tó èyí tí ilé fi lè wó ni, tàbí ìṣirò ló fi hàn pé ó ṣòro láti pè é ní èèṣì, bí ó tilẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́? Oníṣirò mọ èyí tí ó ń wí. Bíríkìlà tí yóò lo sìmẹ́ńtì náà kò mọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí iye náà lè ṣe.

Àwọn yunifásítì kan ti wá ọgbọ́n dá sí i. Ní ọdún 2008, Yunifásítì Queensland ní Australia dá ìdíje kan sílẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ṣàlàyé gbogbo iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta, pẹ̀lú sláìdì kan ṣoṣo. Ọ̀dá omi ni ó bí ìrònú náà: wọ́n ti ní kí àwọn ará ìpínlẹ̀ náà máa fi aago ìṣẹ́jú mẹ́ta wọn àkókò ìwẹ̀ wọn. Ìdíje yìí ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ó ní àléébù tirẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó lẹ́nu lè fi ẹ̀fẹ̀ bo iṣẹ́ tí kò jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò lo ìṣẹ́jú mẹ́ta dáadáa tí kò ní kọ́kọ́ mọ ohun tí òun rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá ní àǹfààní mìíràn tí ó sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ń ṣèwádìí lórí bí ohun olómi ti ń ṣàn lè lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì onímọ̀ kan fún ọdún mẹ́ta láì bi ara rẹ̀ ní ohun tí ó jẹ́. Kí ó gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ìyá tí ń ta epo pupa. Yóò rí i pé dandan ni kí òun sọ̀rọ̀ nípa epo tí ó dì ní àárọ̀ ọyẹ́, tí kò fẹ́ dà kúrò nínú ìgò, àti ìdí tí oòrùn ọ̀sán fi tú u. Bí kò bá lè dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ onímọ̀ náà ni ó fi bo ohun tí kò tíì yé òun fúnra rẹ̀. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé Yorùbá gba sáyẹ́ǹsì: àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ síwájú àwọn olùdánwò, ó dára kí ó fún ẹnì kan láti ẹ̀ka mìíràn ní ojú-ìwé àkọ́kọ́ kà, kí ó gba ìwé náà padà, kí ó sì ní kí onítọ̀hún sọ ohun tí ó kà. Kí ó dákẹ́ bí ẹni náà bá ti ń sọ̀rọ̀; kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Bí ohun tí ó gbọ́ bá yàtọ̀ sí ohun tí ó rí nínú yàrá ìwádìí, kí ó padà lọ tún ojú-ìwé náà kọ, kí ó sì wá ẹlòmíràn tí kò tíì kà á.